Kọ́rọ́ìdì Aago Mẹ́jọ Àárọ̀

Ẹnu mi ló kó bá mi. Èmi ni mò ń ya àwòrán inú ẹyinjú ní ilé ìwòsàn ojú kan ní Rumuomasi, inú mi sì máa ń tètè dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Bàbá Dúpẹ́, ará Oǹdó tó ń wakọ̀ fún àwọn aṣọ́bodè, ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún. Rẹ́tínà wọn, awọ tó ń gba ìmọ́lẹ̀ lẹ́yìn ojú, ló ṣí bíi pépà ara ògiri. Dókítà lẹ̀ ẹ́ padà, ó sì fi bẹ́líìtì rọ́bà tín-ín-rín di ẹyinjú náà láti ìta. Bẹ́líìtì yìí ló mú kí kọ́rọ́ìdì wú, ìyẹn awọ tó kún fún ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ rẹ́tínà. Kò ṣàjèjì kó wú lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó yẹ kó padà wálẹ̀. Dókítà ní bí kò bá wálẹ̀ láàárín oṣù kan, àfi kí wọ́n padà sí tíátà láti dẹ bẹ́líìtì náà. Bàbá sọ fún mi pé bí wọ́n bá tún gbé àwọn wọ ibẹ̀, ẹ̀rù ló máa pa àwọn, kì í ṣe ọ̀bẹ.

Oṣù pé. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni Bàbá tó ráyè dé láti ilé wọn ní Eneka. Mo ya àwòrán, mo wọ̀n ọ́n: kọ́rọ́ìdì ti fẹ́lẹ́! Mi ò dúró de dókítà rárá, mo figbe ta pé ó ti wálẹ̀. Bàbá fi gíláàsì dúdú jó dé ẹnu ọ̀nà, àwọn tó jókòó ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ìdí. Bàbá ti pe ìyàwó wọn pé kó gúnyán.

Dókítà, ọmọ Ikwerre tí kì í pariwo, wo àwòrán méjèèjì, èyí tí mo yà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àti ti ọjọ́ yẹn.

"Mama Tobi, the first one, which time you snap am?"

Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni. Wọ́n ti kọ́ mi pé kọ́rọ́ìdì máa ń nípọn láàárọ̀, á sì fẹ́lẹ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́. A kì í fi àwòrán àárọ̀ wé ti ìrọ̀lẹ́. Ojú tì mí gan-an. Èmi náà ni mo lọ bá Bàbá nídìí ijó, mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà wá láago mẹ́jọ ọ̀la.

Bàbá dá ijó dúró. "Iyán ńkọ́?"

"Kí wọ́n gún un, sà. Kí wọ́n má kàn tíì pe àlejò."

Lọ́jọ́ kejì, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ti wà lẹ́nu géètì. Mo ya àwòrán, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, mo panu mọ́, mo gbé e fún dókítà. Aago tó wà lára àwòrán ló kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín: "E don go down. True true."

Bàbá ò jó. Wọ́n yọ gíláàsì dúdú, wọ́n tẹjú mọ́ mi. "Ìyá Tóbi, aago mélòó ló lù?"

"Mẹ́jọ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, sà."

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbẹ́sẹ̀ ijó. Mo bá wọn gbé e, ayọ̀ mi ò lópin, dókítà sì fọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rọ tí mo fi ń ya àwòrán mú ká má baà gbá a ṣubú.