Ẹran Iléyá fún Ilé Àgùdà

Ìyá mi ò fẹ́ kí wọ́n pe Èkó ní erékùṣù. "Èkó ni," ni Màámi máa ń wí, bíi pé oko ni gbogbo ibi tó kù lẹ́yìn afárá. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọge, ọ̀sà ò jìnnà sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Orí omi ni wọ́n ti máa ń bá apẹja ná ẹja. Ìjọba kó yanrìn dí ibẹ̀, wọ́n la títì gba ibẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n omi ò gbàgbé ọ̀nà. Bí òjò bá ti rọ̀ fún ọjọ́ méjì, á wọ yàrá ìsàlẹ̀ wá, a ó sì gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù.

Omi yìí ló bí ọ̀rọ̀ títa ilé. Oníṣòwò kan láti Ọjà Balógun fẹ́ fi ibẹ̀ kọ́ ilé ìtajà alájà márùn-ún. Orúkọ Màámi ni bàbá wa fi ilé sí kí wọ́n tó kú, nítorí náà, bí Màámi ò bá buwọ́ lùwé, kò sí ohun tá a lè tà. Èmi àkọ́bí tí mò ń gbé Ìkòròdú ni àwọn àbúrò mi rán níṣẹ́. Màámi kọ̀ jálẹ̀.

"Tí mo bá bá ẹ lọ sí Ìkòròdú, ta ni màá máa pín ẹran Iléyá fún?"

Inú bí mi gan-an. Àwọn aládùúgbò tí à ń wí yìí, púpọ̀ nínú wọn ti kó lọ tipẹ́.

Ilé Àgùdà ló sún mọ́ wa jù. Ìlú Bùràsíìlì ni baba ńlá wọn ti dé, Kátólíìkì ni wọ́n, Mùsùlùmí làwa. Lọ́jọ́ Gúdú Fúráídè, ìyá àgbà ilé náà, tí à ń pè ní Ìyá Àgùdà, á gbé abọ́ fùréjọ̀n wá, ẹ̀wà lílọ̀ tí wọ́n fi omi àgbọn sè, pẹ̀lú ẹja díndín. Tó bá di Iléyá, àwa náà á gbé ẹran àgbò lọ. Láti kékeré, èmi ni wọ́n máa ń rán, torí èmi nìkan ni ajá wọn kì í gbó mọ́.

Iléyá tó kọjá, mo fi ìwé títa ilé sínú báàgì mi wá sílé. Màámi di ẹran sínú ike, wọ́n ní kí n gbé e lọ sílé Àgùdà. Nígbà tí mo débẹ̀, mo rí i pé wọ́n ti fi iwájú ilé ṣe ibi ìkẹ́rù bàtà, àgádágodo sì wà lẹ́nu géètì. Mi ò tilẹ̀ kan ilẹ̀kùn. Mo fún ọkùnrin kan tó ń ṣọ́ mọ́tò létí títì ní ẹran náà, mo padà sílé. Mo fẹ́ kí inú Màámi dùn kí n tó yọ ìwé jáde, ni mo bá parọ́.

"Ìyá Àgùdà ní kí n kí yín o. Wọ́n ṣàdúà fún wa gan-an."

Màámi dá mi lóhùn pé:

"Ìyá Àgùdà ti kú kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Mo pè ẹ́, o ní o wà ní mítíìn. Ọmọ-ọmọ wọn tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ni mo rán ẹ sí. Òun nìkan ló se fùréjọ̀n tó gbé wá fún mi lọ́dún yìí."

Ojú tì mí, mi ò mọ ibi tí mo lè wò. Màámi di ẹran mìíràn, wọ́n wọ bàtà, wọ́n sì gbé e lọ fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n ní kí n mú ìwé tí mo gbé wá jáde. Mi ò tíì sọ fún wọn pé mo gbé ìwé kankan wá.

"Mo ṣe bí ẹ̀yin ọmọ ni mò ń tọ́jú ilé yìí dè," ni Màámi wí. "Àṣé ẹ ti kúrò níbí tipẹ́."

Wọ́n buwọ́ lù ú. Ọwọ́ mi tẹ ohun tí mo wá gbà, mi ò sì lè dúpẹ́.