Orúkọ Gígùn Tí Kọ̀ǹpútà Gé

Èmi ni mo ṣì í. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ̀rín tó gbà á lẹ́nu mi.

Ìyá kan, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, akọ̀wé regbẹ́rẹ́gbẹ́ wọn, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, ló ní kí n wá kó orúkọ ẹgbẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àwọn àgbà kùn pé mi ò parí girama. Màmá yìí ní, "Bí iṣẹ́ yìí bá bàjẹ́, màá gbé ipò akọ̀wé sílẹ̀."

Àtẹ méjì, ibi tí kọ̀ǹpútà ń to orúkọ sí, ni: ti ọkùnrin, ti obìnrin. Alága ẹgbẹ́ ò gbà kí n fi "Ọkùnrin" lásán ṣe orúkọ àtẹ.

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń pè wá nìyẹn? Kọ gbogbo oyè wa ṣáájú!"

Mo kọ oyè, ó gùn láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ìbẹ̀fun. Ìparí pátápátá ni mo tó fi ọkùnrin tàbí obìnrin sí. Mo fi àmì àyọlò ká a mọ́, torí wọ́n kọ́ mi pé bí èèyàn bá ṣe kọ ohun tó wà láàárín ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà máa gbà á, lẹ́tà ńlá, àlàfo, gbogbo ẹ̀. Lójú mi, ó dà bí ewé tí wọ́n fi pọ́n ẹ̀kọ: nǹkan kan ò ní já sílẹ̀.

Irọ́ ni. Orúkọ àtẹ ní iye lẹ́tà tí kò gbọdọ̀ gùn kọjá. Kọ̀ǹpútà gé ìparí méjèèjì, wọ́n di orúkọ kan náà. Ó tiẹ̀ kọ ọ́ síwájú mi pé òun ti gé e, pé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ ti wà. Mi ò kà á. Mo da àwọn obìnrin lé àwọn ọkùnrin lórí nínú àtẹ kan ṣoṣo. Orúkọ wa sì rèé, takọtabo ló ń jẹ́ ẹ, ẹnikẹ́ni ò fura.

Ọjọ́ ayẹyẹ, alága ń fi ìwé tí mo tẹ̀ jáde láti inú àtẹ pe ọkùnrin tó máa bá ẹgbẹ́ kejì fa okùn. Ìyá kan láti Odògbólú ló dìde, wọ́n ti ń fi gèlè gbàjá mọ́dìí.

Alága ní, "Ìyá, ọkùnrin là ń pè o!"

"Ṣé orúkọ mi kọ́ lẹ pè? Ẹ yà lọ́nà jàre!"

Alága pe òmíràn, obìnrin. Òmíràn, obìnrin. Wọ́n fa okùn, àwọn ọkùnrin ẹgbẹ́ kejì dojú bolẹ̀! Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ògiri mú.

Ẹ̀rín rọlẹ̀. Alága gbé ìwé sókè: "Ta ló ṣe èyí?"

Màmá ló dáhùn: "Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Èmi ni mo da ìwé pọ̀ kí n tó kó o fún un." Màmá sì gbé ipò akọ̀wé sílẹ̀ níbẹ̀.

Mo ti tún àtẹ ṣe, orúkọ kúkúrú ni mo fún un. Bí mo bá lọ kí Màmá, ìkọ́kọrẹ́ ni wọ́n ń bù fún mi. Ìpàdé mẹ́ta ti kọjá, alága ò tíì gbọ́ òótọ́ lẹ́nu mi. Gbèsè tí mo jẹ Màmá nìyẹn.