Ọjọ́ Mẹ́rin tí Monísọ́lá Lò ní Osaka

Gbogbo ìjọ wa ní Stone Mountain, ní Amẹ́ríkà níbí, ló gbà pé ìgbafẹ́ ni Monísọ́lá bá lọ sí Japan. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀ nìkan ni mo mọ òótọ́. Ṣìkẹ́mi, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló lọ wá ní Osaka. Ọdún mẹ́ta gbáko ni ọmọ náà kò fi gbé ìpè rẹ̀. Àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù bàtà tí ọmọ ti ń ṣiṣẹ́ nìkan ló mú dání.

Ọ̀rọ̀ ìkúnlẹ̀ ló dá ìjà sílẹ̀, inú sì ń bí mi títí di òní. Ọjọ́ ìdúpẹ́ ni. Bàbá Ògúnjìnmí, ẹ̀gbọ́n olóògbé ọkọ Monísọ́lá, dé láti Ìbàdàn. Ṣìkẹ́mi na ọwọ́ sí wọn, ó ní, "Hi, Uncle." Ìyá rẹ̀ ní kó kúnlẹ̀, ó kọ̀. Ni Monísọ́lá bá gbá a létí lójú gbogbo ìjọ, ó ní àfi tó bá wá kúnlẹ̀ bẹ òun, kó má pe òun ní màmá mọ́. Wọ́n ní bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là ń fi fà á mọ́ra. Monísọ́lá gbàgbé ọwọ́ ọ̀tún. Èmi tí mo wà níbẹ̀, mo dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí Monísọ́lá ti Japan dé, èmi ni mo lọ fi mọ́tò gbé e ní pápákọ̀ òfurufú. Ẹnu rẹ̀ ò sinmi.

"Ìyábọ̀, ìlú yẹn dákẹ́ jù! Fóònù mi dún nínú train, mo ní 'Halúù!' Gbogbo wọn wò mí bí ẹni tó bọ́ra sílẹ̀ ní church."

Ó ní àga ìgbọ̀nsẹ̀ hòtẹ́ẹ̀lì fín omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí òun nídìí láìgbàṣẹ, òun fò sókè, òun ń pe ẹ̀jẹ̀ Jésù. Ó ní bàbá arúgbó kan tẹríba kí òun, òun bá kúnlẹ̀. Bàbá tún tẹ̀ sí i, òun náà tún relẹ̀ sí i, àfìgbà tí ìyàwó bàbá wá fà á lọ. Mo rẹ́rìn-ín débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣi ọ̀nà ilé rẹ̀ ní Snellville.

"Ìyá Ṣìkẹ́mi, ọmọ ńkọ́?"

"Ẹja wọn gan-an, tútù ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

Mo tún béèrè, ó tún dá mi lóhùn pẹ̀lú àwàdà. Nígbà tí a dé iwájú ilé rẹ̀, mo pa mọ́tò. Kò bọ́ọ́lẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró ní òdìkejì títì ṣọ́ọ̀bù Ṣìkẹ́mi," ó ní. "Mi ò lè wọlé. Mo ṣáà ń wò ó. Gbogbo customer tó bá ń jáde, ó ń tẹríba fún wọn, tó fi mọ́ àwọn ọmọ school. Inú kọ́kọ́ bí mi. Nígbà tó di ọjọ́ kẹrin, flight mi ku wákàtí mẹ́fà. Mo wọlé, mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi ìyá ẹ̀. Mo ní, 'Ṣìkẹ́, please, dárí jì mí.'"

"Kí ló wá ṣe?"

"Ó fà mí dìde jẹ́jẹ́, bí wọ́n ṣe ń fa arúgbó tó ṣubú. Ó sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó wá tẹríba fún mi, ó tẹ̀ ẹ́ dáadáa, bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo wọn. Kò sọ nǹkan kan."

Ó bú sẹ́kún. Mo dì í lọ́wọ́ mú.

"Bó bá ṣe pé ó bú mi ni, Ìyábọ̀! Mo ní kó kúnlẹ̀ bẹ̀ mí kó tó pè mí ní màmá, ó ti tẹríba fún mi báyìí. Ta ló máa wá pè mí ní màmá?"