Àwọn Bàbá Wa Inú Ìwé

N kò ní kọ orúkọ bàbá ọkọ mi sínú ìtàn yìí, ẹ má retí ẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ẹ̀. Orúkọ wòlíì ni: Mùsùlùmí ń jẹ́ ẹ, onígbàgbọ́ ń jẹ́ ẹ, òyìnbó náà ń jẹ́ ẹ, ẹnu ló kàn ń yàtọ̀. Àmọ́ ìyàwó ilé ni mí, ìyàwó ilé kì í sì í pe bàbá ọkọ rẹ̀ lórúkọ, ì báà jẹ́ Ọ̀yọ́ ló ń gbé, ì báà jẹ́ Sabonjida níbí ní Tamale, ní ilẹ̀ Gánà, níbi tí wọ́n bí ọkọ mi àti bàbá rẹ̀ sí. Gbogbo ẹni tí mo bá nílé ni mo fún ní orúkọ tèmi. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, Ìbàdíàrán ni mò ń pè é, bẹ́ẹ̀ kò ní ìbàdí kankan tí ènìyàn lè ró àrán mọ́. Ó fẹ́ràn orúkọ náà púpọ̀.

Aṣọ ni Bàbá ń tà lọ́jà kí ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn. Nígbà tí kò ríran mọ́ dáadáa, sáúrè, yàrá àbáwọlé tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, ló wá di ọjà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí, tó ń dá gbogbo ẹni tó bá kọjá mọ̀ nípa ìró bàtà. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé ìwé kan ní Kpalsi, tí mo bá sì ti dé, sáúrè yẹn náà ni mo ti máa ń na ẹsẹ̀, tí màá ka ìwé díẹ̀ kí n tó lọ dáná.

Lọ́jọ́ kan, ìwé àlòkù kan ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bàbá bi mí pé kí ló dé. Mo sọ fún un pé ọkùnrin kan tó ń jẹ́ orúkọ yín ló wà nínú ìwé yìí, adìyẹ ló ń lé e kiri àgbàlá. Bí Bàbá ṣe dìde jókòó nìyẹn, ó ní kí n kà á sókè. Òyìnbó ni wọ́n fi kọ ọ́, mo sì ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Ó ń dùn lẹ́nu mi títí mo fi kan orúkọ náà. Ẹnu mi dúró. Ohun tó jáde ni, "Bàbá wa sáré títí, adìyẹ kò padà lẹ́yìn Bàbá wa." Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́.

Lọ́jọ́ kejì ó béèrè bóyá òun tún wà nínú ìwé mìíràn.

Ẹ wo orúkọ tó kún ayé. Ọkùnrin tó ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọjà kò mọ ohun tó wà nínú ìwé kankan, ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ ohun tí mo ń wá fún un, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ wọ́n wò bí ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Ìwé ológun, ìwé dókítà, ìwé ìfẹ́, ìwé ọkùnrin tó fi ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibi tí yìnyín pọ̀ sí: Bàbá wa wà nínú gbogbo wọn. Ó tún rí ọ̀kan lórí bí a ṣe ń sin ẹlẹ́dẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ ló ń jẹ́ orúkọ náà. Mo sọ fún Bàbá pé Alhaji bíi tirẹ̀ kò ní í fẹ́ gbọ́ ìyẹn. Bàbá ní kí n ka díẹ̀ ná. Mo kà á pé, Bàbá wa sọ pé ká máa fọ ilé wọn láràárọ̀, ká má sì jẹ́ kí oòrùn pa wọ́n. Bàbá mi orí, ó ní ọkùnrin yẹn mọ iṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ náà ni kò dáa.

Kò pẹ́ tí sáúrè fi kún. Aránṣọ ẹ̀gbẹ́ ilé wa gbé aṣọ tó ń fọwọ́ rán wá. Ìyá tó ń ta kókó àti kọ́ọ̀sé, ìyẹn ògì àti àkàrà, ní ìkángun ọ̀nà máa ń wá tó bá ti fọ ìkòkò rẹ̀ tán. Àwọn ọ̀dọ́ ilé, àwọn tó gbọ́ Yorùbá ṣùgbọ́n tó jẹ́ Haúsá ni wọ́n fi ń dáni lóhùn, sọ pé fóònù làwọn wá gba iná sí. Ìbàdíàrán ní òun kàn wá ṣọ́ bàbá òun ni. Síbẹ̀ òun ló máa ń bínú jù. Nígbà tí Bàbá wa fọ́ báńkì nínú ìwé kan, ó ní kí n pa á dé, pé olè kò sí nínú ìdílé àwọn. Bàbá bẹ̀bẹ̀ fún olè náà, ó ní ẹ jẹ́ ká ní sùúrù, bóyá yóò ronú pìwà dà níwájú. Kò ronú pìwà dà o. Ìbàdíàrán kò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́, àfi bí ẹni pé èmi ni mo kó owó náà.

Ìyá oníkókó ló béèrè lọ́jọ́ kan pé kí ló dùn tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ìwé yìí fún Bàbá.

"Ẹni tó pè mí lórúkọ gbẹ̀yìn, ọ̀rẹ́ mi ará Zogbeli ni," Bàbá ní. "Láti ìgbà tí a ti sin ín, Bàbá ni mí, Alhaji ni mí. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ." Ó wá yíjú sí ibi tí ohùn mi wà. "Ìyàwó, ṣé o kò lè kà á bí wọ́n ṣe kọ ọ́?"

Òótọ́ ló sọ. Kò sí ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kankan tó kù tó lè pè é. Ọmọ kò gbọdọ̀ pè é, ọmọ ọmọ kò gbọdọ̀ pè é, àwọn aládùúgbò wa Haúsá àti Dagomba náà kì í pe àgbà bẹ́ẹ̀ lórúkọ gbàǹgbà. Mo wo Ìbàdíàrán. Ó ní ìyàwó tó bá pe bàbá òun lórúkọ nínú ilé yìí, kó yáa lọ di ẹrù rẹ̀. Inú bí mi sí i. Inú tún bí mi sí Bàbá tó gbé mi sáàárín, ó sì bí mi sí ara mi, nítorí àánú rẹ̀ ń ṣe mí, ẹnu mi kò sì gbé e. Mo ní Bàbá, ẹ forí jì mí. Mo ń ka Bàbá wa lọ.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ohùn mi, ohùn olùkọ́ ni, a máa dé òpópónà. Ìwé tí a ń kà nígbà náà ni ti ọkùnrin ọlọ́kọ̀ ojú omi, mo sì ti dé ibi tó gbóná: "Bàbá wa ti gbé ọmọge náà níyàwó ní ìkọ̀kọ̀, kò sì sọ fún ọmọ rẹ̀ kankan." Ẹnì kan ń kọjá lọ sí mọ́ṣáláṣí.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, àwọn àgbà Yorùbá àdúgbò, tí Bàbá jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún gbogbo wọn, wọlé tàwọn ti obì. Wọ́n jókòó lórí ẹní, wọ́n ń wúkọ́. Ẹni tó gbẹnu sọ fún wọn ní ayọ̀ kì í ṣe ohun à ń fi pamọ́, àwọn kò bínú pé a kò pè wọ́n sí yìgì, ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwọn rí ìyàwó. Ìbàdíàrán di ògiri mú. Èmi ń wá ibi tí ilẹ̀ ti máa là kí n wọlé. Bàbá ńkọ́? Kò sẹ́. Ó bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ bí ìyàwó náà ṣe rí, ṣé ó pupa àbí ó dúdú. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dá a lóhùn ni mo sá lọ gbé ìwé jáde tí mo ṣàlàyé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí fìlà fi já bọ́ lórí ẹnì kan. Nígbà tó rọlẹ̀, agbẹnusọ béèrè ìdí tí n kò fi ka orúkọ náà bó ṣe wà. Ìbàdíàrán sọ àṣà fún wọn. Bàbá ní kí wọ́n gbé ti àṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí wọ́n bá òun bẹ ìyàwó ọmọ òun. Àgbà kan wá ní ìyá tòun, orúkọ tí à ń pe ọjọ́ ìrun ńlá yìí ni bàbá ọkọ rẹ̀ ń jẹ́. Láti Ọjọ́bọ̀ ni obìnrin náà ti ń fò sí Sátidé títí ó fi kú. Kò sẹ́ni tó lè dájọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Wọ́n jẹ obì tí wọ́n gbé wá, wọ́n lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì mo mú ìwé jókòó. Bàbá ní kí n má wulẹ̀ ṣí i.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń jẹ́ Bàbá," ó ní. "Ó tó."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun. Sáúrè dá páro. Aránṣọ padà sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìyá oníkókó ń dá mi dúró lọ́nà, ó ń bi mí bóyá àwọn ọmọ ọlọ́kọ̀ ojú omi ti gbọ́. Bàbá jókòó síbẹ̀ ní tirẹ̀, kò tilẹ̀ dá ẹni tó ń kọjá mọ̀ mọ́, tàbí kò kàn fẹ́ dá wọn mọ̀ ni.

Mo ń ro tùwó lórí iná nígbà tí Ìbàdíàrán dé bá mi. Ó dúró, ó ń wo ìkòkò bí ẹni pé òun ló fẹ́ bá sọ̀rọ̀. Ó wá ní kí n mú ìwé yẹn wá. Mo gbé tùwó kúrò lórí iná, mo tẹ̀ lé e. Ó jókòó ti ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀, ó fi gèlè rẹ̀ di orí àti etí pọ̀, ó tún fi ọwọ́ méjèèjì bo etí náà lórí gèlè.

"Kà á," ó ní. "N kò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ṣí ibi tí a dé. Ìyàwó ọlọ́kọ̀ ojú omi ló dúró sí etí òkun, tó ń ké pe ọkọ rẹ̀. Mo ka orúkọ náà. Ohùn tó jáde kì í ṣe ohùn olùkọ́ rárá, díẹ̀ ló kù kí n má gbọ́ ọ fúnra mi.

Bàbá gbé orí sókè.

"Náàmù," ó jẹ́ ìpè náà, bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ pè láti ẹ̀yìnkùlé.

N kò ríran rí ìlà tó kàn mọ́, omi ti kún mi lójú. Ìbàdíàrán kò sọ ọwọ́ kalẹ̀ kúrò létí rẹ̀.

"Ohùn ẹ kéré jù, ìyàwó," ó ní. "Tún un pè."