Ọdún Tí Omi Ojú Mi Gbẹ

Òórùn gbódó tó ń gbẹ lórí àpáta ni èmi fi máa ń mọ̀ pé ọyẹ́ ti dé. Lẹ́yìn ilé wa ní Ṣakí, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí gbogbo agboolé jọ ń lò. Bí wọ́n bá ti wa iṣu tán, àwọn ìyá wa á bẹ ẹ́, wọ́n á bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, wọ́n á sì sá a sórí àpáta yìí títí yóò fi gbẹ, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ ní èlùbọ́. Àwa ọmọdé ló ń lé ewúrẹ́ àti adìyẹ. Èmi àti Múíbì ẹ̀gbọ́n mi máa ń jókòó síbi tí oòrùn kọ́kọ́ ń dé, òkúta wẹ́wẹ́ lọ́wọ́ wa, aṣọ ìyá wa lọ́rùn wa nítorí òtútù. Múíbì fi ọdún méjì jù mí lọ. Ó ti sọ gbogbo ewúrẹ́ agboolé ní orúkọ àwọn olùkọ́ wa. Èyí tó burú jù nínú wọn, òbúkọ pupa kan tó ní ìwo kan ṣoṣo, ni ó ń pè ní Tíṣà Ìṣirò. Bí ó bá ti yọ lókèèrè, Múíbì á ní, "Ràṣí, ewúrẹ́ ti dé," a ó sì dìde pẹ̀lú ẹ̀rín.

Bàbá wa ń dá oko iṣu àti àgbàdo. Ìyá wa ló ń ta èlùbọ́ fún àwọn tó ń fi ọkọ̀ wá kó o láti Ìbàdàn. Bàbá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá rí wa tí a ń fi ipá tú okùn àpò, tàbí tí a ń já ewé láìbojú wẹ̀yìn, á ní, "Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́." A ti gbọ́ ọ títí a fi ń bá a parí rẹ̀.

Ọdún tí mo wọ ilé-ìwé girama ni Múíbì kú. Ọ̀kadà tó gbé e bọ̀ láti oko ló lọ kọlu ọkọ̀ tó kó igi. Kí ó tó di alásàrí, wọ́n ti sin ín. Àwọn àgbà obìnrin pè mí sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n má ṣe sunkún níbi tí ìyá mi yóò ti rí mi, kí n má bàa dá kún ìbànújẹ́ rẹ̀. Mo gbọ́ràn. Mo gbé ẹkún náà mì bí ẹni gbé egungun mì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ti ń pe ìyá mi ní Ìyá Múíbì láti ìgbà tó ti bímọ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Ìyá Ràṣí. Àánú ló mú wọn ṣe é. Ṣùgbọ́n nígbàkúgbà tí wọ́n bá pè é bẹ́ẹ̀, ó máa ń ṣe mí bíi pé mo jókòó sórí ìjókòó oníjòókòó.

Oorun wá kọ̀ mí sílẹ̀. Mo ń dùbúlẹ̀, ojú mi ń là. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ Múíbì. Mo lè wà nídìí ọlọ, tàbí lójú ọ̀nà ilé-ìwé, kí n gbọ́ ohùn rẹ̀ kedere lẹ́yìn mi, èmi náà á sì dá a lóhùn. Ọjọ́ tí ìyá mi gbọ́ mi tí mo ń dáhùn ni ó lọ bá bàbá mi lóko, kò dúró kí ó dé.

Bàbá mú mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní ìlú ńlá. A jókòó lórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Nígbà tí ó kàn wá, dókítà ọkùnrin tó wà níbẹ̀ bi bàbá mi ní ìbéèrè, bàbá mi dáhùn. Ó bi í ní òmíràn, ó tún dáhùn. Kò sí ẹni tó bi èmi. Wọ́n fún wa ní oògùn, wọ́n ní kí n máa lò ó láìdá a dúró, a sì padà sílé.

N kò ní purọ́: oògùn náà kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Mo sùn. Mo sùn bí òkúta tó bọ́ sínú odò. Ohùn Múíbì lọ. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó sì ṣe sàráà fún àwọn ọmọ ilé-kéwú.

Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ahọ́n mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Itọ́ ń dà sórí ìwé mi ní kíláàsì. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé èmi tí wọ́n ń yìn fún ìkọ̀wé kò lè kọ orúkọ ara mi sórí ìlà. Èyí tó burú jù ni ẹsẹ̀ mi. Ohun kan wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí n jókòó. Bí mo bá jókòó, bí iná ni. Bí mo bá dìde rìn, á rọlẹ̀ díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀.

"Jókòó," ni olùkọ́ wa wí.

"N kò lè jókòó, sà."

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ rò pé àfojúdi ni. Nígbà tí a padà lọ sí ìlú ńlá, tí bàbá mi ṣàlàyé pé n kì í lè dúró lójú kan, wọ́n ní àìsàn náà ló ń le sí i, wọ́n sì fi kún oògùn.

Láti ìgbà yẹn ni n kò ti ní ìmọ̀lára kankan mọ́. Iṣu àti ẹ̀kọ jẹ́ bákan náà lẹ́nu mi. Ní ọjọ́ kan ìyá mi ń ṣa aṣọ, ó kan búbà Múíbì kan nísàlẹ̀ àpótí, ó gbé e sójú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó bí ẹni ń wo òjò tó ń rọ̀ ní ìlú mìíràn. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí nǹkan kan dùn mí. Mo wá a nínú ara mi, n kò rí i.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́ kan, mo ń mu ẹ̀kọ, ọrùn mi lọ́ sí apá òsì, kò sì dá padà. Ojú mi yí sókè. Ife bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìyá mi di orí mi mú, ó ń gbìyànjú láti fi ọwọ́ méjèèjì dá a sí ààyè rẹ̀, bí ẹni ń tún ìkòkò amọ̀ tútù ṣe. Nígbà tó pẹ́, ó dẹ̀ fúnra rẹ̀. Bàbá mi wọ inú yàrá lọ, ó kó gbogbo oògùn náà, ó lọ dà á sínú ṣáláńgá.

"Ó tó gẹ́ẹ́," ni ó wí. "Ọmọ mi kò ní lò ó mọ́."

Bàbá mi, ẹni tí kì í fi ipá tú okùn. Ìfẹ́ ló fi ṣe é. Kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé oògùn tí a bá ti lò pẹ́ kì í ṣe ohun tí a ń já dànù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ dára. Lẹ́yìn náà ni ara mi dojú kọ mí. Òógùn bò mí, òtútù sì ń mú mi nínú rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo jẹ ni mo ń bì. Oorun tún lọ, èyí tó lọ báyìí sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Eèrà ń rìn lábẹ́ awọ ara mi. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀rù tí kò ní orúkọ. Bí adìyẹ bá gbọn ìyẹ́, àyà mi á já. Mo ń pariwo mọ́ àwọn tó ń fún mi lómi.

"Àìsàn náà ti padà," ni gbogbo ènìyàn wí. Àbúrò bàbá mi wá, ó ní òun mọ ibì kan tí wọ́n ti ń tọ́jú irú rẹ̀, tí wọ́n máa ń de àwọn aláìsàn mọ́lẹ̀ títí ara wọn á fi balẹ̀. Bàbá mi wo ilẹ̀. Ó ti ṣìnà lẹ́ẹ̀kan, kò mọ ọ̀nà tí yóò tún yà sí. Ìyá mi ló dáhùn, ohùn rẹ̀ kò ga.

"Mo ti sin ọ̀kan," ni ó wí. "Ẹ ò ní de èyí tó kù."

Ní ọjọ́ kejì, òun àti bàbá mi gbé mi lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá mi ní Àgọ́-Àrẹ. Ìyá Àgbà wò mí, kò bèèrè ohunkóhun, ó ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ìlú náà, pé dókítà obìnrin kan wà níbẹ̀ tó máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ènìyàn tán. Bí bàbá mi ti ròyìn gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ tán, èmi ni dókítà náà kọjú sí.

"Ràṣídátù, kí ló ń ṣe ọ́?"

Mo wo ìyá mi.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

"Eèrà ń rìn lábẹ́ awọ ara mi, mà."

"Ṣé ó ti ń rìn kí o tó bẹ̀rẹ̀ oògùn?"

"Rárá, mà. Ìgbà tí Bàbá dà á nù ni."

Ìyá mi kò lè mú un mọ́ra mọ́. "Dókítà, ṣé orí ọmọ mi ló tún dàrú?"

"Ẹ fara balẹ̀, mà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ara ọmọ yìí ti gba oògùn náà mọ́ra, ẹ wá yọ ọ́ lójijì. Ohun tí ó mọ́ ọn lára ló ń wá. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ tí kò lè dúró àti ọrùn tó lọ́ nígbà tó ń lò ó, oògùn ló fà á."

"Èmi ni mo ṣe ọmọ mi lọ́ṣẹ́," ni bàbá mi wí.

"Wọn ò sọ fún yín, Bàbá," ni ó dáhùn. Lẹ́yìn náà ó tún yíjú sí mi. "Ohùn tí o ń gbọ́ nígbà náà, ta ni?"

"Múíbì ni, mà. Ẹ̀gbọ́n mi tó kú."

"Kí ló máa ń sọ?"

"Ó máa ń ní ewúrẹ́ ti dé."

Ìyá mi fi etí aṣọ bo ẹnu. Òun náà kò tíì gbọ́ ọ rí, nítorí kò sí ẹni tó bèèrè.

Dókítà ní kí n tún máa lo díẹ̀ nínú irú oògùn náà, kí ara mi lè rọlẹ̀, kí a wá máa dín in kù ní ẹ̀sọ̀. Ó ní ara mi ni yóò sọ ìgbà tí a ó tún dín in, kì í ṣe àwa. Ó sì ní ọmọ tó ń gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òun kò ní yára pe ìyẹn ní wèrè.

Mo dúró sí Àgọ́-Àrẹ. Kò rọrùn. Nígbà kan tí ara mi yá, a sáré dín oògùn náà jù, mo sì tún ṣubú. A padà sẹ́yìn, a dúró, a tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá Àgbà máa ń gbé ẹ̀pà síwájú mi kí n pa á. Ọwọ́ mi á gbọ̀n, ẹ̀pà á fọ́n ká, kò sì fìgbà kan gbà á lọ́wọ́ mi. Á kàn máa sọ̀rọ̀ lọ. Múíbì ló sì máa ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù: ọjọ́ tó bọ́ sínú kòtò omi, ọjọ́ tó jí ẹran ọbẹ̀ tó sì gbàgbé láti nu ẹnu. Ìyá Múíbì ni òun ṣì ń pe ìyá mi. Mo sì rí i pé bí ó bá pè é bẹ́ẹ̀, ìyá mi kì í sá.

Ní ọ̀sán kan nígbà òjò, ìyá mi wá kí wa. Ìyá Àgbà ń sun àgbàdo tuntun. Ọ̀kan jóná. Múíbì ló fẹ́ràn èyí tó bá jóná. Mo na ọwọ́ mú un. Nǹkan gbígbóná kan kán sí mi lẹ́sẹ̀. Mo gbójú sókè bóyá òrùlé ló ń jò. Òmíràn kán. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé omi ojú mi ni. Mo sunkún títí ikùn mi fi ń dùn mí. Ìyá mi dìde, ẹ̀rù bà á, ó fẹ́ lọ pe dókítà.

"Fi í sílẹ̀," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ náà ń bọ̀ wálé ni."

Ìyá mi padà jókòó. Ó fà mí mọ́ra, òun náà sì bẹ̀rẹ̀. Láti ọjọ́ tí Múíbì ti kú, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí àwa méjèèjì jọ sunkún rẹ̀.

Oògùn náà tán kí ọdún tó yí po. N kò rántí ọjọ́ tó tán gan-an. Ara mi ò tiẹ̀ fura. Mo padà sí Ṣakí, sí kíláàsì tó wà lẹ́yìn ti àwọn ẹgbẹ́ mi. Ó dùn mí fún ìgbà pípẹ́. Ọwọ́ òsì mi ṣì ń gbọ̀n díẹ̀ títí di òní, oorun mi kò sì jinlẹ̀ bíi ti ẹlòmíràn.

Ìsẹ́yìn ni mo ń gbé báyìí, mo sì ń kọ́ àwọn ọmọ girama. N kò bá oògùn jà. Mo mọ ọkùnrin kan ládùúgbò wa tí irú oògùn yẹn ló jẹ́ kó lè máa ṣiṣẹ́, kó sì máa tọ́ ọmọ rẹ̀. Ohun tí mo ń bá jà ni kí a máa wo ọmọ láìbi í léèrè. Bí ọmọ kan kò bá lè jókòó ní kíláàsì mi, mo máa ń jáde bá a rìn nínú ọgbà.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún méjìlá, mo rò pé mo ti dàgbà tó láti ru ìbànújẹ́ ilé wa, àti pé nítorí pé n kò lágbára tó ni gbogbo rẹ̀ fi wó lé mi. Èrò yẹn bá mi dàgbà. Ó bá mi dé ilé ọkọ. Ọmọbìnrin mi ti pé ọdún méjìlá báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ti ilé-ìwé dé, ó sùn lọ lórí ẹní pẹ̀lú aṣọ ilé-ìwé lọ́rùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ṣì wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Mo fẹ́ jí i kó bọ́ aṣọ. Mo wá dúró, mo wò ó: ọrùn-ọwọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ tó là díẹ̀, bí ara rẹ̀ kò ti gba ìdajì ẹní. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé bí èmi náà ti kéré tó nìyẹn. Mo jókòó tì í títí ó fi jí fúnra rẹ̀.