Rọ́bà Tí Mo Sá Sórí Àpáta

Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, ṣùgbọ́n mo bá wọn ja ogun Kòríà. Ìdànrè ni mo ti jà á. N kò gbé ìbọn, n kò wọ bàtà sójà, oúnjẹ ìyá mi ni mo sì ń jẹ ní gbogbo alẹ́ tí ogun náà fi ń lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ rọra.

Nígbà tí mo ka ìwé mẹ́fà tán, tí n kò rí iṣẹ́ ọ́fíìsì kankan ní Àkúrẹ́, mo gba iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ rọ́bà kékeré kan lójú ọ̀nà Aládé. Ogun Kòríà ti bẹ̀rẹ̀ nígbà náà, àwọn òyìnbó sì ń wá rọ́bà lójú méjèèjì. Oníkòkó ni gbogbo wa nílùú, a ò mọ nǹkan kan nípa rọ́bà. Ọ̀gá wa nìkan ló mọ̀ ọ́n, ọkùnrin kan tó wá láti ìhà Sàpẹ̀lẹ̀, tó ń sọ Yorùbá bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Láràárọ̀ ló máa ń sọ fún wa pé, “Táyà ọkọ̀ ogun lẹ̀ ń ṣe yìí o. Bí ẹ bá ba ẹyọ kan jẹ́, ọkọ̀ sójà kan á dúró sójú ọ̀nà, ọ̀tá á sì bá a níbẹ̀.”

Àwọn àgbà á kàn mi orí. Èmi ni mo gbà á gbọ́. Mo tilẹ̀ ti mọ ojú sójà náà: ó jọ tíṣà tó kọ́ mi ní ìṣirò, ìyẹn ni kò jẹ́ kí àánú rẹ̀ ṣe mí tó bó ṣe yẹ.

Báyìí la ṣe ń ṣe é. A ó da ásíìdì díẹ̀ sínú oje igi rọ́bà nínú páànù, yóò sì dì bí ẹ̀kọ. Màmá kan tí apá rẹ̀ le ju tèmi lọ á yí i gba inú ẹ̀rọ títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Èmi ni mo ń gbé abala kọ̀ọ̀kan kọ́ sórí ọ̀pá nínú ilé èéfín, tí mo sì ń ṣọ́ iná kí ó máa rú èéfín láìjó. Lẹ́yìn bí ọjọ́ márùn-ún, rọ́bà á gbẹ, á pọ́n bí oyin. Iṣẹ́ ńlá ni lójú mi. Ìyá mi ti ròyìn rẹ̀ yí gbogbo ìjọ ká. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sì dúró fún mi lọ́dọ̀ ẹni tó ni ilé iṣẹ́. Ó ní bí mo bá ba nǹkan jẹ́, òun ni kí wọ́n lé lọ.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Ọ̀gá ń lọ sí Ọ̀wẹnà láti ra oje sí i. Ó pè mí.

“Akọ̀wé, lọ́rì ń bọ̀ láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń yẹ rọ́bà wò máa bá a wá. Ìdì méjì la máa kó fún wọn. Kí gbogbo rẹ̀ ti gbẹ kí n tó dé.”

“Ó ti yé mi, sà.”

Kò yé mi. Òjò rọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, igi ìdáná rin gbingbin, iná sì kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ Ọjọ́rú mọ́, rọ́bà ìdì kìíní àti díẹ̀ lára ti ìkejì ti gbẹ, ṣùgbọ́n inú ìyókù ṣì funfun. Ìgbà náà ni oòrùn yọ, tí mo sì wo àpáta ńlá tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́ wa.

Ẹ̀yin ará, láti kékeré ni mo ti ń bá bàbá mi sá kòkó sórí àpáta. Mo kó èyí tí kò tíì gbẹ jáde, ó tó ọgọ́ta abala, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tún ń fi ẹsẹ̀ yí i bí a ṣe ń yí kòkó. Mo ń súfèé. Mo ń rò ó pé kí ló dé tí àwọn òyìnbó fi ń fi igi ṣòfò.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, mo bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọ̀kan. Ó fà bí ilá. Apá kan tẹ̀ lé ọwọ́ mi, apá kejì lẹ̀ mọ́ àpáta. Iyanrìn àti ewé gbígbẹ ti wọ inú rẹ̀. Aláǹgbá kan ti fi ìrù rẹ̀ sílẹ̀ sórí òmíràn.

Ẹ̀yìn mi ni mo ti gbọ́ ohùn màmá tó ń yí ẹ̀rọ.

“Yéè! Akọ̀wé, kí lo ṣe?”

“Mo sá a ni, mà.”

“O sá a? Kòkó ni?” Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. “Wọ́n á mú ọ lọ Kòríà, wọ́n á sì fi ẹ̀yìn rẹ ṣe táyà!” Lójijì, ó dìde. “Ọ̀gá yìí mà ló dúró fún ọ.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ó wo ọ̀nà, ó wo mí. “Ó dáa. Kó gbogbo ẹ̀ sáàárín ìdì kejì. Fi abala tó dára bò ó lókè àti nísàlẹ̀. Ooru kì í jẹ́ kí ọkùnrin ìjọba yẹn wo inú ìdì.”

Bẹ́ẹ̀ la ṣe. A lo ọ̀bẹ, a lo omi láti ṣí i kúrò lára àpáta, a di í pa. Ní ìrọ̀lẹ́, Ọ̀gá dé, ó fọwọ́ pa òkè ìdì náà, ó sì gbá mi léjìká.

“O ṣeun, ọmọ mi. O ò dójú tì mí.”

Wọ́n ti bú mi rí, tíṣà mi mọ èébú dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí èébú tó wúwo tó ìyìn yẹn. N kò lè jẹ oúnjẹ mi tán. Ìyá mi béèrè bóyá ara mi ò yá, mo ní ó yá. Mo ń rò ó síwá sẹ́yìn: bí ọkùnrin yẹn bá tú ìdì náà, Ọ̀gá ni wọ́n máa lé. Bí kò bá tú u, sójà tó jọ tíṣà mi wà lójú ọ̀nà pẹ̀lú táyà tó fà bí ilá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo ti dé ibi iṣẹ́ kí lọ́rì tó dé.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ tú ìdì kejì.”

“Nítorí kí ni?”

“Mo sá a sóòrùn, sà.”

Ó kọ́kọ́ rò pé mò ń ṣeré. Lẹ́yìn náà ló fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn. Gbogbo abala tó wà láàárín ti lẹ̀ mọ́ra wọn.

“Ta ló ní kí o fi èyí tó dáa bò ó?”

Màmá ń yí ẹ̀rọ kíkankíkan, kò sì sí rọ́bà kankan nínú ẹ̀rọ náà.

“Èmi ni, sà.”

Ó ti ọ̀bẹ padà sínú àkọ̀. “Oòrùn máa ń pa rọ́bà.”

“N kò mọ̀, sà.”

“Èmi náà ò sọ fún ọ.”

Fèrè lọ́rì dún lójú ọ̀nà. Ọ̀gá lọ pàdé òṣìṣẹ́ ìjọba náà. Mo gbọ́ tó ń sọ pé, “Ìdì kan la ní, sà. Ìkejì bàjẹ́ lọ́wọ́ mi.” Ọkùnrin náà pariwo lé e lórí, ó kọ nǹkan sínú ìwé, lọ́rì sì gbé ìdì kan lọ. Ọ̀gá dúró títí eruku rẹ̀ fi rọlẹ̀. Nígbà tó padà, ó gba ọ̀pá tí mo fi ń ko iná lọ́wọ́ mi, ó gbé e fún màmá, ó sì nàka sí àwọn páànù tí oje ti gbẹ mọ́ nínú.

“Fọ ìwọ̀nyẹn.”

“Títí di ìgbà wo, sà?”

“Títí ogun á fi parí.”

Mo ká apá aṣọ mi sókè, mo gbé páànù kìíní.