Òkúta Inú Ẹ̀wà

Kọ́ọ́. Òkúta kan bọ́ sínú agolo mílíìkì. Màmá kò gbójú sókè kúrò lórí àtẹ ẹ̀wà tó wà lórí itan wọn. Wọ́n ní, "Olúwa, Serwaa nìyí. Orúnkún tó ń dùn ún." Ìka wọn tún wọ inú ẹ̀wà, ó ń tú u bí adìyẹ tó ń tan ilẹ̀. Kọ́ọ́. "Olúwa, Súnmọ́nù aláṣọ nìyí. Ọmọ rẹ̀ tó wà lójú ọ̀nà."

Báyìí ni ọ̀sán ṣe máa ń rí ní agboolé wa ní Sawaba, ní Kumasi, bí mo bá ti ilé ìwé dé. N ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Màmá kì í ṣe ìyá mi, wọn kì í ṣe ìyá bàbá mi. Yàrá wọn ló kan tiwa. Àkàrà ni wọ́n ń dín, èyí tí àwọn ará Kumasi ń pè ní koose, tí wọ́n fi ń mu kókó, ẹ̀kọ gbígbóná tiwọn, láàárọ̀. Òórùn epo gbígbóná kì í kúrò lára ìró wọn, bó ti wù kí wọ́n fọ̀ ọ́ tó, títí kan èyí tí wọ́n ń ró lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Wọn ò mọ̀wé, àmọ́ bí pásítọ̀ bá ṣi ẹsẹ Bíbélì kà, àwọn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wúkọ́.

Àwọn ló kọ́ mi ní àdúrà. Wọ́n kàn sún àtẹ sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan ni. "Òkúta kan, èèyàn kan. Pe orúkọ ẹ̀, kí o sọ ohun tó ń dùn ún. Bí o ò bá mọ ohun tó ń dùn ún, dìde, lọ bi í."

"Gbogbo wọn, Màmá?"

"Gbogbo ẹni tó ń pọnmi lẹ́nu ẹ̀rọ yìí. Àbí ẹ̀wà yìí ò ní òkúta tó?"

Ìwé tí mo kà kò tó nǹkan, mo ti gbàgbé púpọ̀ nínú ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jí mi lójú oorun, mo lè ka orúkọ agboolé yẹn láti ẹnu géètì dé ilé ìdáná: Súnmọ́nù, Kwabena tó ń rán bàtà, Ràbí ìyàwó rẹ̀, Serwaa, Akosua ọmọ Serwaa.

Akosua ni mo fò. Ẹgbẹ́ mi ni. Lẹ́nu ẹ̀rọ omi ló ti fi Twi, èdè wọn, bú mi, tó fi orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá pè mí pé, "Anago, máa lọ sílùú yín, ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ bí ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo ẹ̀gẹ́." Gbogbo àwọn tó tò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, nígbà tí mo kan òkúta tirẹ̀, mo jù ú sínú agolo, mo panu mọ́.

"Òkúta yẹn ò lóhùn, Ìbídùn," Màmá wí.

"Mo pè é sínú ni, Màmá."

Irọ́ ni. Mo tún fò ó lọ́jọ́ kejì, mo fò ó lọ́jọ́ kẹta. Lọ́jọ́ kẹrin, Akosua ò jáde wá pọnmi. Ibà ni. Kí ọjọ́ Ìsinmi tó dé, ó ti kú.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Bí mo bá sọ fún bàbá mi, ẹgba ni. Orí àtẹ ni mo ti sọ ọ́ níkẹyìn, mi ò lè wojú Màmá. "Màmá, èmi ni mo pa Akosua. Mo fo òkúta rẹ̀."

Ìka wọn dúró. Mo ń gbọ́ òòlù Kwabena lára bàtà.

"Ta ló dá Akosua?"

"Ọlọ́run ni."

"Ó wá ń dúró de ẹnu tìẹ kó tó rántí ọmọ tó dá?"

Mo ń fi ìka tú ẹ̀wà náà.

"Gbọ́, Ìbídùn. O bá ọmọ ẹlòmíràn bínú, o gbé e jù sílẹ̀, o tún purọ́ fún mi. Ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ nìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ìpànìyàn kọ́. Má gbé ẹrù tí wọn ò dì fún ẹ."

Wọ́n fọwọ́, wọ́n fà mí lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ Maame Serwaa, ìyá Akosua. Wọ́n jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì wọ́n, wọ́n ní, "Due," bí àwọn Asante ti ń kí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, pẹ̀lú ẹnu Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú wọn. Wọ́n ní kí èmi náà wí i. Mo wí i. Maame Serwaa gbé ọwọ́ lé mi lórí, ọwọ́ náà wúwo. A jókòó títí oòrùn fi kúrò lára ògiri. Màmá ò wàásù.

Nígbà tí a padà dé ìdí àtẹ, wọ́n ní, "Ẹni tó ti lọ, a ò bẹ̀bẹ̀ fún un mọ́. Àmọ́ a kì í fo òkúta rẹ̀. A ó máa dúpẹ́ pé ó wá."

Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìyẹn tí ìjọba ní kí àwọn àjèjì tí kò níwèé máa lọ. Bàbá mi rí ìwé tirẹ̀ gbà. Màmá ò rí. Ní ibùdókọ̀ Asafo, láàárín ẹkún àti ẹrù, wọ́n na agolo mílíìkì sí mi láti orí lọ́rì. "Má jẹ́ kó ṣófo." Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni mo mú òkúta kan lọ́wọ́, mo ní, "Olúwa..." Mi ò mọ orúkọ wọn. Màmá ni mo ń pè wọ́n, Ìyá Alákàrà ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Mo bi bàbá mi. Kò mọ̀. Ní gbogbo agboolé, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Mo dàgbà sí Kumasi, mo bímọ; Dúpẹ́ ni àkọ́bí mi. Òun ló ń ra ẹ̀wà inú ọ̀rá fún mi ní ọjà Race Course, èyí tí wọ́n ti ṣà mọ́. Ó ní, "Màmá, ojú yín ò ríran mọ́, ẹ sinmi." Kò sí òkúta kan nínú ẹ̀. Mo gbádùn ẹ̀, mi ò ní purọ́. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ pé, "Olúwa, bù kún gbogbo ilé mi," tí mo ń sùn lọ. Kókó wà nínú ọyàn Dúpẹ́, kò sọ. Èmi náà ò bi í. Inú ọyẹ́ tó kọjá la sin ín.

Pásítọ̀ wa wá. Ọmọdé ni, ohùn rẹ̀ ròkè, ó gbàdúrà títí ó fi làágùn, ó lọ. Kò bi mí ní ohun tó ń dùn mí. Ẹni tí ìbá bi mí wọ lọ́rì lọ láti ìgbà tí mo wà lọ́mọdé. Nítorí náà, èmi ni mo ń fi ohùn wọn bá ara mi wí: o ò bi ọmọ rẹ, Ìbídùn. Ẹ̀ṣẹ̀ tìẹ nìyẹn, kò sì kéré. Ṣùgbọ́n ìpànìyàn kọ́. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo gbà á gbọ́.

Mo ti padà sí ẹ̀wà onídọ̀tí, èyí tí wọn ò tíì ṣà. Hajara tó ń tà á ní Asafo máa ń fi mí rẹ́rìn-ín: "Maame, ṣé òkúta lẹ fẹ́ rà ni, kí n kúkú lọ kó o fún yín lójú títì?" Mo ní kó bù ú, kó má fẹ́ ẹ. Abena, ọmọ tí Dúpẹ́ fi sílẹ̀, ló ń bá mi ṣà á, nítorí ojú mi.

Kọ́ọ́. "Olúwa, Dúpẹ́. O ṣeun tó wá." Lẹ́yìn náà ni mo máa ń ju ọ̀kan sínú agolo láì pe ẹnikẹ́ni.

Lánàá ó ní, "Màmá, èyí ò lóhùn. Ta ló ni ín?"

"Màmá kan tó ń dín àkàrà."

"Kò lórúkọ ni?"

"Wọ́n lórúkọ. Èmi ni mi ò bi wọ́n."

Ó mú òkúta tó kàn, ó dì í mọ́wọ́. "Màmá, kí ló ń dùn yín lónìí?"

Mo sọ fún un.